Ẹran Ọ̀sìn, Oúnjẹ Àdánidá àti Ojúṣe Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ènìyàn ni wọ́n ń bá wí, nítorí ènìyàn ni ó lè yan ohun tí yóò jẹ àti ohun tí kò ní fẹnu kàn. Ẹran tí a ń sìn nínú ilé kò ní irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò jẹ. Bí ó bá sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ ṣàìsàn, kò lè pè wá lẹ́jọ́. Nítorí náà ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí ẹran kan bá ń ṣàìsàn lẹ́yìn tí ó ti ń jẹ oúnjẹ tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dá a padà sí oúnjẹ tí Ẹlẹ́dàá yàn fún irú rẹ̀? Bí ó bá sì tọ́, báwo ni a ó ti ṣe é tí oore wa kò fi ní di ìkà?

Ẹran tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ẹran ilẹ̀ wa, nítorí náà ó yẹ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun ara rẹ̀ rọ̀, ó sì kéré sí ológbò. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ènìyàn ti mú baba ńlá rẹ̀ láti inú igbó Yúróòpù, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ẹran ilé. Strabo, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní nǹkan bí àkókò tí a bí Jésù, kọ̀wé nípa bí àwọn ará Sípéènì ti ń fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ dọdẹ ehoro: wọn a dì í lẹ́nu, wọn a rán an wọ inú ihò, ehoro a sì sá jáde bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rí i pé àwọn kan ní ìhà àríwá ṣì ń fi í ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sìn ín lónìí, ní ibẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọdẹ. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹgbẹ́ nínú ilé. Aráyé pàápàá jẹ ẹ́ ní gbèsè, nítorí ní ọdún 1933, lára fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí ẹ̀rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àìsàn fúlúù fún ènìyàn.

Bí ó ti wù kí ebi pa kìnnìún tó, kò jẹ́ jẹ koríko. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kéré, ṣùgbọ́n ìwà kìnnìún ni ó wà nínú ìfun rẹ̀. Eyín 34 tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ wà fún dídi ẹran mú àti fún gígé e. Kò ní irú eyín pẹlẹbẹ tí màlúù fi ń lọ koríko. Ìfun rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ fi ń là á kọjá láàárín wákàtí 3 sí 4, kò sì ní irú àpò tí ó wà nínú ìfun ẹṣin àti ti ehoro, níbi tí koríko ti ń rọ̀ kí agbára inú rẹ̀ tó jáde. Ẹran, ọ̀rá, egungun àti àwọn nǹkan inú ohun tí ó bá pa ni oúnjẹ rẹ̀.

Báwo ni irú ẹran bẹ́ẹ̀ ti ṣe di ẹni tí ń jẹ ọkà? Ìrọ̀rùn ènìyàn ni ó fà á. James Spratt, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bísíkíìtì ajá láàárín àwọn ọdún 1860. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, àwọn ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun àti ẹran pọ̀, tí ń fi ooru sè é, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní wóró gbígbẹ. Ìyẹ̀fun ni ó ń mú kí wóró náà dì pọ̀. Nítorí náà, bí ó ti wù kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹran gàdàgbà sára àpò rẹ̀ tó, ọkà tàbí ẹ̀wà tàbí ànàmọ́ kì í sábà ṣàìsí nínú rẹ̀. Kì í rùn, kì í tètè bàjẹ́, kò sì ní wàhálà. A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹran ni ó ti jẹ ẹ́ tí ó sì dàgbà.

Ìgbà tí àìsàn bá dé ni ìbéèrè wa ń di ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta nínú àwọn àìsàn tí àwọn oníṣègùn ẹran mọ̀ dáradára lára fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni òkúta inú àpò ìtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun ọ̀gbìn ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ kì í kan tó bí ó ti yẹ, òkúta a sì máa dì nínú rẹ̀. Akọ lè di ẹni tí kò lè tọ̀ mọ́, kí ó sì kú. Nínú èyí, oúnjẹ jẹ̀bi gbangba. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní insulinoma. Kókó kéékèèké a yọ lára ẹ̀yà inú tí ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sì fà sẹ́yìn. Ẹran náà a máa wò suu, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a rọ, nígbà mìíràn gìrì a mú un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fura sí ìyẹ̀fun inú oúnjẹ gbígbẹ, ìfura wọn sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, ìwádìí kò sì tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àìsàn ẹ̀yà kékeré tí ó wà lẹ́bàá kíndìnrín, èyí tí ń mú kí irun ẹran náà re láti ìrù lọ sókè. Àwọn oníwádìí so èyí mọ́ títètè tẹ ẹran náà lọ́dàá. Oúnjẹ kọ́ ni ó fà á, oúnjẹ kò sì lè wò ó.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ kan náà, àìsàn, ni a fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohun tí oúnjẹ lè ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá sì rí ẹran rẹ̀ tí gìrì mú, àánú a ṣe é, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ a sì máa nà án ní pàṣán pé oúnjẹ tí òun fi owó ara òun rà ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni yóò fẹ́ da àpò wóró sí ààtàn, kí ó sì gbé ẹran àìsè síwájú rẹ̀. Níbí ni mo rò pé ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rí-ọkàn ara rẹ̀ ni ó ń wá oògùn fún, kì í ṣe ara ẹran náà. Ó fẹ́ kí ẹ̀bi tètè kúrò lọ́rùn òun. Ẹran náà ni yóò sì san owó ìkánjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdánidá dùn létí, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí ohun rere nígbà gbogbo. Nínú igbó, ẹran tí ara rẹ̀ kò le kì í pẹ́ kú. Èyí pẹ̀lú jẹ́ àdánidá. Aràn inú ìfun jẹ́ àdánidá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń fi ẹran lásán láìsí egungun bọ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì rò pé òun ń tẹ̀lé ìṣẹ̀dá, ṣùgbọ́n kò sí ẹranko inú igbó tí ń pa eku tí ó sì ń ṣa egungun rẹ̀ sọnù. Ẹran lásán kò ní èròjà tí ń mú egungun le, egungun ọmọ ẹran tí ó bá ń jẹ ẹ́ nìkan a sì rọ. Kòkòrò àrùn náà wà lára ẹran àìsè, ó sì lè ran ọmọdé àti àgbàlagbà inú ilé. Ní ọdún 1933 ni a ti mọ̀ pé fúlúù ń mú fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2024, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ológbò kan kú lẹ́yìn tí ó jẹ ẹran tòlótòló àìsè tí kòkòrò fúlúù àwọn ẹyẹ wà nínú rẹ̀.

Ṣé kí a wá jókòó tẹtẹrẹ, kí a sì máa fún un ní wóró rẹ̀ lọ? Ìyẹn kò tọ́ pẹ̀lú. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2006 fún àwọn ẹran ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ka oúnjẹ tí ó bá ara ẹran mu kún ohun tí ẹni tí ó ni ín jẹ ẹ́ ní gbèsè. A kò sì lè fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó wà nínú àpò dídára. Ní ọdún 1987 ni àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ ológbò tí àìsàn ọkàn ń pa, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní taurine ni kò tó nínú oúnjẹ tí a rà fún wọn. Àwọn tí ó ra oúnjẹ náà kò ṣe ìkà. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó tà á mọ ohun tí ó ń tà. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ wọn kò gba ọkàn àwọn ológbò náà là.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó tọ́ láti mú ẹran náà súnmọ́ oúnjẹ ìṣẹ̀dá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a bá gbà ṣe é jẹ́ apá kan nínú òtítọ́ náà. Raimund Apfelbach, onímọ̀ ará Jámánì, fi ìwádìí hàn pé ní nǹkan bí oṣù kẹta ìgbésí ayé rẹ̀ ni irú ẹran yìí ń kọ́ òórùn ohun tí í ṣe oúnjẹ. Èyí tí ó bá ti dàgbà lórí wóró nìkan, bí a bá gbé eku síwájú rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì yà sẹ́yìn. Kò mọ̀ pé oúnjẹ ni. Bí a bá wí pé kí a fi ebi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, èyí tí ó ní insulinoma kò lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí láìjẹun kí gìrì tó tún mú un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a kọ́kọ́ lọ bá oníṣègùn ẹran, kí ó mọ irú àìsàn tí ó jẹ́. Kò ní dá oògùn rẹ̀ dúró. A lọ ẹran kúnná, a mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, a fi díẹ̀ kan ẹran náà lẹ́nu, a sì po díẹ̀ mọ́ oúnjẹ àtijọ́. A máa wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Bí ẹran arúgbó kan bá kọ̀ jálẹ̀, a jẹ́ kí ó máa jẹ wóró tí ẹran pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì ní ka ìyẹn sí ìjákulẹ̀.

Àwọn tí ń dá ẹran padà sínú igbó pàápàá kò ṣe é lójijì. Ìbátan fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan wà ní pápá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ó sì ń jẹ ẹran abihò kan tí ó jọ ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ènìyàn ti rò pé ó ti tán láyé kí wọ́n tó tún rí i ní Wyoming ní ọdún 1981. Nígbà tí ó di ọdún 1987, wọ́n ti kó 18 tí ó kù sínú àgọ́ kí wọ́n lè máa bí sí i, láti ọdún 1991 ni wọ́n sì ti ń dá àwọn ọmọ wọn padà sí pápá. Wọ́n rí i pé àwọn tí a kọ́kọ́ fi sínú ọgbà tí ó ní ihò, tí wọ́n sì ti kọ́ ọdẹ níbẹ̀, ń yè ju àwọn tí a kàn gbé láti inú àgọ́ bọ́ sí gbangba. Ilẹ̀ baba wọn ni, síbẹ̀ ó yẹ kí a mú wọn mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan lè béèrè pé: kí ni ẹ̀ṣẹ̀ eku tí a ó fi pa á bọ́ ẹran tí ènìyàn ń fi ṣeré? Ìbéèrè náà wúwo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eku tí a ti pa tí a sì fi yìnyín dì ni wọ́n sábà ń rà, tàbí akọ òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan tí àwọn tí ń pa ẹyin kò fẹ́. Ẹ̀mí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹran tí a pa wà nínú wóró pẹ̀lú. Àpò ni ó bo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ẹran tí ń jẹ ẹran wọ ilé rẹ̀ ti gba ẹrù yìí lọ́jọ́ tí ó mú un wọlé, bí kò bá sì lè rù ú, ehoro wà tí ó lè sìn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí iṣẹ́ wa. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ kíláàsì tí a ti fi àkọ́sórí tọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ tuntun a dé, a ní kí ọmọ náà fi òye ara rẹ̀ ronú. Ohun tí ó tọ́ ni ó béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà a yà sẹ́yìn bí ẹran tí kò gbóòórùn ẹran rí, olùkọ́ a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé olódo ni. Kí a tó yí oúnjẹ ẹnikẹ́ni padà, ti ikùn tàbí ti ọpọlọ, ó yẹ kí a lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ǹjẹ́ mo mọ ohun tí ń ṣe é? Ǹjẹ́ mo mọ ohun tí ó ti mọ́ ọn lára? Ta ni yóò jìyà bí mo bá ṣìnà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọn, kí ó máa fún un ní oúnjẹ àná lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí ó sì lọ wádìí.