Ta ni Yóò Kí Wa Káàbọ̀?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. N kò tíì rí ẹni tí ó já ọ̀rọ̀ yìí ní koro. Oníṣòwò tí ọjà ń tà fún ní ìlú òkèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba oyè ní ilẹ̀ òyìnbó, gbogbo wọn ni a ń retí pé kí wọ́n padà, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Bí ènìyàn bá gbé ilé rẹ̀ dání lọ sí àjò ńkọ́? Bí ibùsùn rẹ̀, ìdáná rẹ̀, àti ilẹ̀kùn tí ó ń tì sùn lálaalẹ́ bá ń bá a dé ibi gbogbo tí ó ń lọ, níbo ni yóò padà sí? Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òwe ni, tàbí òwe ṣì ń bá a wí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Mo ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn.

Ní ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tọkọtaya kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orúkọ ni àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá àti Màmá ni mo ń pè wọ́n, ó sì dùn mọ́ wọn nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, wọ́n ta ilé wọn, wọ́n sì fi lára owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ńlá kan tí a kọ́ bí ilé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú táńkì omi mímọ́ àti táńkì omi ìdọ̀tí. Ọkọ̀-ilé ni n ó máa pè é. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba etí òkun Pàsífíìkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ, nítorí pé ilé-ìwé wà ní ìsinmi, n kò sì ní ibòmíràn tí mo ń lọ.

A gbéra ní ìparí oṣù keje. Títì tí nọ́ḿbà rẹ̀ ń jẹ́ 101 ni a gbà láti ẹ̀bá ìlú Olympia. A la ìpínlẹ̀ Oregon já, níbi tí òfin ọdún 1967 ti fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí iyanrìn etí òkun, tí olówó kan kò fi lè fi ọgbà dí i mọ́ wọn. A wọ Kalifọ́níà, a sì bọ́ sí títì nọ́ḿbà 1, èyí tí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè bí aláǹgbá ti í rọ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni inú wa fi dùn. Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń wí pé: “Ìgbín ni wá. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú bá wa, ilé wa nìyẹn.” Èmi a sì rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu ju bí òun ti mọ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà tí ó kẹ́yìn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ààlà Mẹ́síkò, ní ìsàlẹ̀ ìlú San Diego, ni Bàbá ti fi ṣe òpin ìrìn náà. Bí a ti ń súnmọ́ ọn ni ó ń rọra wakọ̀ sí i. Ibi gbogbo tí ènìyàn ti lè dúró wo òkun ni ó ń dúró. Ìrìn wákàtí díẹ̀ a di ìrìn ọjọ́ kan. Mo rántí John Steinbeck, òǹkọ̀wé tí a bí ní Salinas, ìlú tí kò jìnnà sí títì yìí. Ní ọdún 1960, òun àti Charley ajá rẹ̀ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn yí Amẹ́ríkà ká. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1962, ó jẹ́wọ́ pé Abingdon ní ìpínlẹ̀ Virginia ni ìrìn àjò òun ti parí, nígbà tí ilé ṣì jìnnà. Láti ibẹ̀ lọ, ó kàn ń sáré ni, ojú rẹ̀ kò rí ọ̀nà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní ilé. Kí ló dé tí ọ̀nà ń fa ẹnì kan bí okùn, tí ó sì ń wúwo mọ́ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀ bí ẹrẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹrin sí òpin, a dé Piedras Blancas, lẹ́bàá San Simeon. Ẹran omi ńlá kan ń gun orí iyanrìn níbẹ̀, síìlì ni wọ́n ń pè é, imú akọ rẹ̀ sì gùn débi pé wọ́n fi orúkọ erin kún orúkọ rẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n kọ́kọ́ rí wọn ní etíkun yìí, ọdún 1992 sì ni wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ síbẹ̀. Lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní ń wá. Inú agbami ni wọ́n ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Àwọn akọ ń lọ títí dé ìhà Alaska. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń padà wá sórí ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ni a bá níbẹ̀, wọ́n nà gbalaja bí àpò ìrẹsì. Màmá wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó sì wí pé: “Àwọn wọ̀nyí kò ní ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ń padà sí. Àwa ní ilé, a kò ní ibi tí a ń padà sí.” Bàbá kò dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà bú jáde ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Rincon, lójú ọ̀nà Ventura. Àwọn ọkọ̀-ilé a máa tò síbẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo láàárín títì àti òkun. Àwọn tí ó wà nínú wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n kí wa, wọ́n fún wa ní ẹja. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ tí ó wà ní apá òsì wa ti lọ, òmíràn ti wà ní ipò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Ohun tí Màmá ti sọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú nìyẹn gan-an. Ó ti wí pé: “Ní ọ̀túnla a ó dé òpin ọ̀nà. Ta ni yóò bi wá pé, báwo ni ọ̀nà?”

Bàbá fèsì, n kò sì lè sọ pé èsì rẹ̀ kò nítumọ̀. Ó ní ogójì ọdún ni òun fi sin ilé tí wọ́n tà náà. Òun ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, òun ń kùn ún, òun ń san owó orí lé e lórí. Àwọn ọmọ a wá ní ọjọ́ Kérésìmesì, wọn a tẹjú mọ́ fóònù, wọn a lọ. Ó ní: “Ilé ni ó ni mí, èmi kọ́ ni mo ni ilé.”

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wò. Bàbá tọ̀nà pé ògiri kọ́ ni ilé. Àwọn Fúlàní darandaran ń ṣí tẹ̀ lé màlúù wọn láti ìgbà dé ìgbà, síbẹ̀ kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò pè wọ́n ní aláìnílé. Aya, ọmọ àti ìbátan ni wọ́n jọ ń rìn. Bí ọmọdé kan kò bá tíì dé nígbà tí oòrùn wọ̀, gbogbo àgọ́ ni yóò dìde. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà ní Èkó tí géètì rẹ̀ ga ju orí lọ, tí olówó lè kú sínú rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ta ni ó ní ilé nínú àwọn méjèèjì?

Ṣùgbọ́n ibi tí Bàbá ti ṣìnà nìyí. Nígbà tí ó rí i pé ògiri kọ́ ni ilé, ó rò pé ibùsùn àti sítóòfù ni. Àwọn baba wa ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣe mọ́tò. Wọ́n ní ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Kì í ṣe lásán ni a fi orúkọ kan náà pe ìjàpá àti ẹni tí kò lè fi nǹkan ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ilé tí a gbé sẹ́yìn kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kan lè jókòó sí retí wa.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilé ni ibi tí àìsí ẹni gbé ń hàn. Ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀ dání kò lè ṣàìsí nínú rẹ̀ láé, nítorí náà kò sí bí àárò rẹ̀ ti lè sọ ilé náà. Ẹ wo ìkíni wa. “Ẹ kú ìrìn,” ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà lè kí wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ káàbọ̀,” ẹni tí ó dúró nìkan ni ó lè wí i. Bí gbogbo wa bá lọ, ìkíni náà yóò kú lẹ́nu wa. Títì nọ́ḿbà 1 pàápàá ní àwọn tí ó dúró tì í. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, òkè ya lulẹ̀ bo títì náà ní Mud Creek, ó sì lé ní ọdún kan kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣí i padà. Bí kò bá sí àwọn tí wọ́n jókòó ti erùpẹ̀ náà, ìgbín wo ni ì bá gba ibẹ̀ kọjá?

Èmi tí mo ń dá ẹjọ́ yìí, mo jẹ̀bi ju Bàbá lọ. Ọdún 2012 ni mo kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá tí ó bí mi kú ní ọdún 2016, n kò lọ. Mo fi owó ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó sin ín. Mo ń wí fún ara mi pé mo gbé ilé mi dání: mo ń sọ Yorùbá, mo ń ro àmàlà, ìwé Yorùbá kún yàrá mi. Ìgbín ni èmi náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé òpin ọ̀nà, níbi tí odi irin ààlà ti wọ inú òkun lọ, mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Mo ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ìrìn àjò wa ti parí.” Ó ní: “Káàbọ̀ o, àbúrò mi.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ṣùgbọ́n o kò tíì dé.”

Mo lọ sílé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí kò sọ rí lórí fóònù. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyá wa ti ń dùn ún, kò tíì sùn síta ju òru méjì lọ. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí Kánò, kò lè lọ wẹ ọmọ fún un. Àjò tí mo ń pè ní tèmi, àwa méjèèjì ni a jọ rìn ín: èmi fi ẹsẹ̀ rìn, òun fi ìjókòó rìn.

Nítorí náà, èmi gbà pé òwe kò tú ìgbín sílẹ̀. Onílé tí òwe ń sọ kì í ṣe ẹni tí ó ni ògiri, bí kò ṣe ẹni tí ẹnì kan ń retí. Ẹni tí ẹlòmíràn bá sì ti dúró dè, ó jẹ gbèsè. Owó kò lè san án. Ìjókòó ni a fi í san án, kí ẹni tí ó dúró lè rí ààyè lọ. Bí ẹnì kan bá wí pé òun kò ní ẹni tí ń retí òun, kí òun náà kọ́kọ́ dúró de ẹnì kan. Ibẹ̀ ni ilé ti í bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Bàbá àti Màmá ṣe nìyẹn. Wọ́n padà sí òkè, wọ́n háyà yàrá méjì nítòsí ọmọbìnrin wọn, wọ́n sì ń dúró de ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ti ilé-ìwé dé. Wọn kò ta ọkọ̀-ilé náà. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, wọ́n sì ń gbé e jáde ní ìgbà ẹ̀rùn. Bàbá kọ̀wé sí mi pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ lọ tí àwọn bọ̀, ọmọ náà kò kí àwọn. Ó ń bínú pé wọ́n pẹ́ jù. Mo mọ̀ láti inú lẹ́tà náà pé inú rẹ̀ dùn.

Èmi ti padà sílé láti ọdún 2022. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kánò, ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo jókòó ti ìyá wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó padà dé, mo wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mọ́tò dúró. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní: “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ni ọ̀nà?” Láti ọjọ́ tí a ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó kàn mí láti sọ ọ́ fún un.