Tún Un Ṣe, Tún Ṣe É: Èrò lórí Àtúnṣe Ògbólógbòó Ọkọ̀ Fáíbà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń bi ara wọn láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́, tí àwa olùkọ́ yunifásítì náà sì ń gbé ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ́dọọdún. Plutarch mẹ́nu bà á nínú ìtàn ìgbésí ayé Theseus. Ó ní àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi alájẹ̀ 30 tí akọni náà wọ̀ bọ̀ wálé. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, títí tí àwọn amòye fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ àná náà ni tàbí òmíràn. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes tún fi kún ìṣòro náà. Ó ní ká sọ pé ẹnì kan ń ṣa àwọn pákó àlòkù náà jọ, tó sì fi wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn: èwo nínú méjèèjì ni ti Theseus?

N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọkọ̀ Theseus. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ọkọ̀ onípákó ni, pákó sì ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi dùn ún bèèrè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lórí ọ̀sà láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó lónìí kì í ṣe onípákó. Fáíbà ni wọ́n. Odindi ni ara ọkọ̀ fáíbà, kò sí oríkèé níbi tí a ti lè tú u. Bí ẹnì kan bá wá gbé ògbólógbòó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó ní òun fẹ́ tún un ṣe, ìbéèrè tí yóò bá pàdé yàtọ̀. Kò ní í jẹ́ pé ṣé ọkọ̀ àná náà ni. Yóò jẹ́ pé kí ni ó yẹ kí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ yìí mọ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè ìwà nìyẹn, ó sì le lójú mi ju ti Theseus lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí. Gíláàsì ni wọ́n ń yọ́ tí wọ́n ń fà di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí wọ́n sì ń hun bí aṣọ tàbí tí wọ́n ń tẹ́ bí ẹní. Wọn a tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù tó ní ìrísí ọkọ̀, wọn a fi rẹ́sìnì, ìyẹn àtè olómi kan, rin ín gbingbin. Oògùn díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ rẹ́sìnì yìí kó tó lè gan: mílílítà 10 sí 20 nínú lítà kan. Bó bá kéré jù, kò ní í gan láéláé. Bó bá pọ̀ jù, yóò gbóná, yóò sì sán. Ní ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ray Greene ti fi irú ohun èlò yìí ṣe ọkọ̀ kékeré ní 1942, kò sì ju nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà tí fáíbà fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pákó ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Bí rẹ́sìnì bá ti gan, ó gan nìyẹn. Kò ṣeé yọ́ mọ́ bí irin ṣe ń yọ́. Ọkọ̀ onípákó tó bá kú sórí iyanrìn, òjò àti ikán yóò sin ín; ti fáíbà kò ní olùsìnkú. Láti ọdún 2019 ni ilẹ̀ Faransé ti ní ètò kan tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń dáwó sí, kí wọ́n lè máa tú àwọn èyí tó ti gbó palẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbà láti tún ọ̀kan ṣe ti ṣe ilẹ̀ lóore kó tó fọwọ́ kan sáǹpépà rárá. Mo sọ èyí kí òǹkàwé má baà rò pé mo kórìíra àlòkù. Èmi gan-an, àlòkù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ní.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ẹ̀pẹ́, olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ra ọkọ̀ fáíbà kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó mọ́, ó sì gbé e sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, etí ni mo sì fi kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí i. Òòlù kékeré kan ló mú, tó ń fi kan ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí. Níbi tí ara ọkọ̀ ti dá ṣáṣá, ó ń dún kó, kó, kó. Níbi tí àwọn ìpele gíláàsì ti ṣí kúrò lára wọn, tàbí tí omi ti wọ inú, ohùn yẹn yóò wálẹ̀ lójijì: bù, bù. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ láàrin ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò lè kọjá lọ láìdúró gbọ́ ọ. Ibi tó bá ti dún bù, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nígbà tó parí, ìdí ọkọ̀ náà, ibi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, ti funfun fún ṣọ́ọ̀kì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìdí ọkọ̀ yẹn ló dán jù. Kò sán, kò ha, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń kọ mọ̀nà. Ṣùgbọ́n abẹ́ fáíbà níbẹ̀ kò ṣófo: pákó pílááwúùdù ló wà láàrin ìpele fáíbà méjì, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, nítorí pé òun ni yóò ru ẹ́ńjìnnì. Ihò bóòtù ni omi ń gbà wọlé. Bó bá ti wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, pákó náà a sì máa jẹrà níbi tí ojú kò tó. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹ̀rọ lu ihò kékeré kan sí i láti inú. Kì í ṣe ìyẹ̀fun pákó ló jáde wá, ohun dúdú tútù kan ni, ó ń rùn bí ewé tó ti jẹrà. Ó dì í mọ́wọ́, ó fún un, omi sì kán sílẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń so Yamaha ẹlẹ́ṣin 40 kọ́ tẹ́lẹ̀.

Oníṣẹ́ fáíbà kan, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, wá wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ìpele méjì lé e, ká fi pọ́tì jọ̀ ọ́, ká kùn ún. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà máa gbàgbé, sà.”

Ọkùnrin yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì wá kọ́ ọ̀rẹ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ge ìpele inú kúrò láìpa ti òde lára. Ohun tó sọ ni ohun tí ọjà ti kọ́ ọ: àwọn oníbàárà a máa sanwó fún ohun tí ojú wọn bá rí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ kẹ́yìn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ìbòmọ́lẹ̀ tó péye a máa gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bò ó pàápàá. Bí ó bá di ọdún méjì, òun náà yóò kó ọmọ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ibi yìí ni iṣẹ́ mi, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wo gbólóhùn méjì wọ̀nyí: “Ó tún ṣe é” àti “Ó tún un ṣe”. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò, ipò àbọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nínú èkíní, àbọ̀ wà lẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni náà ṣe ohun tó ti ṣe rí lẹ́ẹ̀kejì. Nínú èkejì, àbọ̀ bọ́ sí àárín tún àti ṣe, ó sì di pé nǹkan kan bàjẹ́, ẹnì kan sì mú un bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ń là sí méjì gba àbọ̀: a ń ba ọkọ̀ jẹ́, a ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn tó ń kọ́ àjèjì ní Yorùbá mọ bí ìyàtọ̀ yìí ṣe máa ń dà wọ́n láàmú tó. Bí a bá sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, àtúnṣe, àbọ̀ ti kúrò láàrin, ìyàtọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Àwọn aládùúgbò wa gba ọ̀nà mìíràn. Nínú èdè Ìgbò, mezie àti dozie ní -zi nínú, èyí tó ń tọ́ka sí ṣíṣe nǹkan bó ti tọ́ àti bó ti yẹ. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ẹ̀kejì rárá. Nínú èdè Haúsá, gyara kan náà ni fún ọkọ̀ tó bàjẹ́, fún àṣìṣe inú ìwé, àti fún irun orí tí wọ́n ń ṣe lóge. Àwa náà ní irú èyí: a ń tún ilé ṣe nígbà tí a bá gbá a, a sì ń tún ara ṣe kí a tó lọ síbi ayẹyẹ. N kò gbà pé èdè ló ń pinnu ìwà ẹni tó ń sọ ọ́. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ wa gba ìwòsàn àti ọ̀ṣọ́ mọ́ra, oníṣẹ́ tó ní òun “ti tún un ṣe” kò sì purọ́ ní ti gírámà, èyíkéyìí tó wù kó ṣe nínú méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ ọ ló máa mú ìtumọ̀ tó dára jù, nítorí pé ẹ̀mí rẹ̀ ló fẹ́ gbé lé e.

Ó gba ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ kan, nítorí rẹ́sìnì kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ó kó gbogbo pákó jíjẹrà náà jáde, ó fi tuntun sí i. Etí ibi tó gé, ó ha á ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó fẹ̀ ní ìlọ́po 12 ìnípọn rẹ̀: fáíbà mílímítà 5, ìdagẹ̀rẹ̀ mílímítà 60. Ìdí rẹ̀ ni pé rẹ́sìnì àtijọ́ ti gan, kò lè yọ́ pọ̀ mọ́ tuntun mọ́. Ojú ibi tí a ti ha tó rí ṣákaṣàka ni tuntun ń dì mú. Ibi tó bá ṣì ń dán kò ní í gbà á. Eruku gíláàsì a máa yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ó fi nǹkan bo imú, ó sì máa ń lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ lé òun náà jìnnà sí aṣọ tó wà lórí okùn.

Àwọn kan yóò sọ pé olówó ló ń ní irú sùúrù báyìí. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè gbé e sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àwọn tó ń gbé etí ọ̀sà kò sì ní ọ̀nà mìíràn dé ọjà. Ọkọ̀ tó sàn díẹ̀, wọ́n ní, sàn ju àìsí ọkọ̀ lọ. Àríyànjiyàn gidi ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ó da nǹkan méjì pọ̀. Àìlówó lè mú kí ẹnì kan má lè pààrọ̀ pákó náà lọ́dún yìí. Kò dí i lọ́wọ́ láti so ẹ́ńjìnnì tó kéré mọ́ ọn, láti dín èrò kù, láti má kúrò létí omi, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá bi í. Gbogbo èyí kò ní rẹ́sìnì nínú. Ohun tí oníṣẹ́ ń tà nígbà tó bá fi pọ́tì bo ibi jíjẹrà kì í ṣe ìdajì àtúnṣe. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò ní ìdí ni, owó odindi ló sì ń gbà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi itọ́ mọ ilé mọ̀ pé itọ́ ni, èrò inú ọkọ̀ kò mọ̀.

A ní àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi: ti ìjọba àpapọ̀, NIWA, láti 1997, àti ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, láti 2008. Wọ́n lè ka aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti iye èrò. Ẹni tó dúró ní èbúté ní àárọ̀ kùtùkùtù kò lè fojú rí inú ìdí ọkọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ẹni tó ṣí i kẹ́yìn lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ti ṣí i.

Ọ̀rẹ́ mi kùn ọkọ̀ náà ní búlúù, àfi inú ìdí rẹ̀. Fáníìṣì tó mọ́ gaara ló fi pa ibẹ̀, tí èèyàn fi lè rí òwú gíláàsì níbi tí tuntun ti pàdé àtijọ́. Ó tún ní ìwé kan tó kọ ohun gbogbo sí: ibi tó dún bù, ohun tó yọ, ohun tó fi sí i, àti ọjọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ẹnì kan wá rà á. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ti ń sún mọ́ iye kan nígbà tí ọ̀rẹ́ mi gbé ìwé yẹn lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kà á tán, ó ní òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti ṣàìsàn tó báyìí, ó sì yọ ìdá mẹ́ta kan kúrò nínú owó tó fẹ́ san. Wọn kò tíì fẹnu kò. Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ máńgòrò, wọ́n fi tapólì bò ó.