Ta Ni Ìbọ̀wọ́ Ń Ṣọ́?

Bí mo bá rí ìbọ̀wọ́, ìbéèrè kan kì í fi mí sílẹ̀: torí ta ni, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni àbí ẹni tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn?

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní Baltimore, Amẹ́ríkà, torí ẹni tó wọ̀ ọ́ ni. Oògùn apakòkòrò tó ní mẹ́kúrì nínú ni wọ́n fi ń fọwọ́ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ó sì ń bó nọ́ọ̀sì kan, Caroline Hampton, lọ́wọ́. Dókítà William Halsted, ọ̀gá rẹ̀, ní kí iléeṣẹ́ Goodyear fi rọ́bà fẹ́lẹ́ ṣe ìbọ̀wọ́ fún un. Ní 1890, ó fi í ṣaya. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ aláìsàn ò tíì sí níbẹ̀. Ó di 1899 kí Joseph Bloodgood, dókítà níbẹ̀ kan náà, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé egbò àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún kì í sábà kẹ̀ mọ́ látìgbà tí ẹni tó ń lo ọ̀bẹ náà ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé rọ́bà a máa dí ọwọ́ lójú. Ọwọ́ lásán mọ̀ bó bá dọ̀tí: epo á mú un yọ̀, iyẹ̀pẹ̀ á há sí èékánná, ara olúwa rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí yóò fi débi omi. Ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ ò mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ: á fi ọwọ́ kan fa ìkejì kúrò kí inú rẹ̀ yí síta, á wá ti ìka lásán bọ abẹ́ èyí tó kù láti ọrùn ọwọ́, kó má kan ẹ̀yìn rẹ̀ rárá, á sì tún fọwọ́. Nínú àìsàn bí Ebola tó wọ Èkó ní 2014, ibi bíbọ́ yìí ni ewu pọ̀ sí.

Ẹ wá wo ibi tí a ti ń ra oúnjẹ. Ìyá alámàlà ti ọwọ́ bọ ọ̀rá, ó fi mú ẹran, ó fi gba owó, ó fi ka ṣéńjì, ó tún fi mú ẹran. Ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ o! Ẹnu tèmi ni ìyókù ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọwọ́ lójú mi, tó sì ní ọmọ tó ń bá a gbowó, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni màá ti jẹun, bí ò tilẹ̀ wọ nǹkan kan sọ́wọ́.