Ta Ni Ó Jẹ̀bi Nígbà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé Àáké?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ láti gba batísí, ẹ ti kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ́. Bí ó bá wá ṣe pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bà á jẹ́ ńkọ́, tí a kò rí ẹni kan na ìka sí?

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní erékùṣù Key Largo, ní Flórídà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní kákítọ́sì. Pilosocereus millspaughii ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 1992 ni wọ́n rí i níbẹ̀, lẹ́bàá òkun. Òkun ń ga sí i, omi iyọ̀ ń wọ ilẹ̀. Ní 2017, ìjì líle Irma tún gbé omi òkun bò ó. Nígbà tí ó fi di 2021, ẹ̀ka mẹ́fà tí ń ṣàárẹ̀ ni ó kù. Àwọn olùtọ́jú kó wọn lọ gbìn sínú ọgbà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé igi náà ti tán nínú igbó Amẹ́ríkà.

Kò sí ẹni tí ó gbé àáké sí i. Èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ káàkiri ni ó ń mú ayé gbóná, tí òkun fi ń ga. Ṣé kò wá sí ẹlẹ́bi ni? Rárá o. Bí ogún ènìyàn bá bu iyọ̀ sínú ọbẹ̀ kan, tí olúkúlùkù ń wí pé, « Díẹ̀ ni tèmi », ọbẹ̀ náà kò ní ṣeé jẹ. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó da ẹ̀kúnwọ́ sí i jẹ̀bi ju ẹni tí ó fi ìka méjì bù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè wí pé ọ̀ràn náà kò kan òun.

Ẹnìkan lè wí pé: igi náà ṣì wà ní Kúbà àti ní Bàhámà, kí ni ó tilẹ̀ wúlò fún? Nínú ìwé Laudato Si', tí ó jáde ní 2015, Póòpù Francis kọ́ wa pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní iyì tirẹ̀ níwájú Ọlọ́run, yàtọ̀ sí èrè tí a ń rí lára rẹ̀. Bí àgbàdo aládùúgbò bá sì yè, ìyẹn kò dá ẹni tí ó jẹ́ kí tirẹ̀ kú sóko láre.

Àwọn tí ó kó ẹ̀ka mẹ́fà náà kọ́ ni ó dá mú òkun ga. Síbẹ̀ wọ́n ṣe èyí tí ọwọ́ wọn ká. Ojúṣe lè ju ẹ̀bi lọ. Ṣùgbọ́n inú ọgbà kì í ṣe etí òkun: a lè ronú pìwà dà, kí ohun tí a bà jẹ́ má sì padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yẹ ọkàn yín wò, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ẹ dá nìkan ṣe. Ẹ bi í pẹ̀lú pé: ìbàjẹ́ wo ni ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn, kí ni mo sì lè ṣe kí ó tó pẹ́ jù?