Ẹni tí ó Ni Ọjà àti Ẹni tí Ń Tajà Níbẹ̀

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà ṣí ọjà áàpù fún fóònù rẹ̀ ní ọdún 2008, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó là sí i: ẹni tí ó ra fóònù náà kò gbọdọ̀ gba áàpù níbòmíràn nígbà náà. Nígbà náà, nínú 100 dọ́là tí a bá ná lórí ohun orí ẹ̀rọ nínú áàpù àwọn oníṣòwò ńlá, Apple a máa mú 30.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Epic Games, tí ó ni eré Fortnite, la ọ̀nà ìsanwó tirẹ̀ nínú eré náà, ó sì dín owó kù fún ẹni tí ó bá gbà á. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Apple yọ eré náà kúrò lọ́jà. Epic sì gbé e lọ sí kóòtù. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers ní California wí pé Epic yẹ àdéhùn, kò sì fi hàn pé Apple nìkan ni ó jẹ gàba lórí ọjà náà. Ṣùgbọ́n ó dá Apple lẹ́bi ní ti ohun kan: pé ó ka á léèwọ̀ kí olùtajà sọ fún oníbàárà nínú áàpù pé ó lè sanwó níbòmíràn.

Níhìn-ín ni a rò pé ọkàn ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí ó kọ́ ìsọ̀, tí ó ń gbá ọjà, tí ó sì ń lé olè, ó tọ́ kí ó gba owó ìsọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, a lè jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n láti di olùtajà lẹ́nu, kí ẹni tí ń rajà má baà mọ ohun tí ìbá ṣe é ní àǹfààní, èyí kì í ṣe owó ìsọ̀ mọ́. Àìmọ̀ ẹnìkejì ni a fi ń ṣòwò.

Ní Oṣù Kínní ọdún 2024, Apple gbà kí a fi ọ̀nà mìíràn han oníbàárà, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò mú tó 27 nínú 100 níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025, adájọ́ kan náà wí pé Apple mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí àṣẹ òun. Ó fi ẹnu gba òfin, ó sì fi ọwọ́ kọ̀ ọ́.

Ǹjẹ́, ará, òfin lè ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò lè yí ọkàn onílẹ̀kùn padà. Kí a tó dá ẹni ńlá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bí àwa náà kò bá ti fi ọ̀nà tí ó rọrùn pamọ́ fún ẹnìkan rí, nítorí èrè tiwa. Òtítọ́ tí a mọ̀, tí a sì gbé pamọ́ nítorí owó, Ọlọ́run yóò bi wá léèrè rẹ̀.