Ta Ló Jí?

UCH Ìbàdàn, níbi tí Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀n Glasgow, tí Teasdale àti Jennett gbé jáde ní 1974, la fi ń mọ ibi tí ẹni tó forí ṣèṣe dé: bí ojú ṣe ń là, bí ẹnu ṣe ń fèsì, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ́ àṣẹ. 15 ló pé. 3 ló kéré jù. Kò sí òdo níbẹ̀.

Ọ̀kadà gbé ọmọ aládùúgbò mi ṣubú ní Abraham Adéṣanyà, l'Ájàh, kí ìjọba tó fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà ní 2022. Mo pè é lórí ibùsùn, kò lajú. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn, ojú là. 3 nínú 4 tó wà fún ojú nìyẹn, torí ohùn ló là á. Ìwọ̀n náà kì í béèrè pé ohùn ta ni.

Ó gba 15, ó padà sídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì rẹ̀. Dókítà ní ó ti yá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé: "Màmá, ẹni tí wọ́n gbé lọ kọ́ ni wọ́n gbé padà wá." Ọkùnrin tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́nu géètì ń jágbe mọ́ ọmọ ọwọ́ nítorí omi tó dànù. Iwájú ọpọlọ rẹ̀ ló ṣèṣe, ibẹ̀ la sì fi ń kó ara wa níjàánu.

Bí ìwà bá ti ọ̀dọ̀ orí tí a yàn lọ́run wá, báwo ni ọ̀dà títì Ájàh ṣe ṣe é léṣe? Pásítọ̀ wọn ní ẹ̀mí burúkú ni. N kò gbà. Mo rí fọ́tò ọpọlọ náà, mo rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí. N kò sì gbà pé ọpọlọ nìkan ni ènìyàn. Apá kan lára irú ẹni tó jẹ́ kò sí nínú agbárí rẹ̀ rí: ẹnu ìyá rẹ̀ ló wà, títì kò sì débẹ̀.

Ìyẹn kò mú ìgbé ayé rọ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, n kò sì ní fi oríkì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fara da èébú. Láti 1998 ni Teasdale àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ìbéèrè tí a ń bi aláìsàn àti ará ilé rẹ̀, nípa ìbínú, nípa bí àárín wọn ṣe rí. Kò sẹ́ni tó bi ìyàwó yìí.