Ẹni tí ń Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́, Ǹjẹ́ Ó Lè Jẹ Gbèsè?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ léraléra nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìpàdé, ìbáà ṣe ní Ìgbàyè, ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹnìkan sì fẹ́ bá a wí, ẹlòmíràn yóò dáhùn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, a kò kúkú sanwó fún un." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ àánú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ òtítọ́ ni? Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀, ǹjẹ́ ó lè jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè? Ìbéèrè yìí ni àwa fẹ́ gbé yẹ̀wò, a ó sì fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ: iṣẹ́ àwọn tí wọ́n jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn ọmọdé tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà lọ́wọ́.

Ó lè ya àwọn mìíràn nínú ẹ̀yin olùkà wa lẹ́nu pé jẹjẹrẹ a máa mú ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 400,000, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé ẹni ọdún 19, ni àrùn yìí ń kọlù lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, ó ju 80 lọ nínú 100 wọn tí ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tálákà, kò tó 30. A kì í tètè mọ àrùn náà lọ́dọ̀ wa, oògùn rẹ̀ wọ́n, ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn. Owó a sì máa tán lọ́wọ́ òbí ní àárín ìtọ́jú, wọn a gbé ọmọ padà sílé. Ibi tí owó òbí ti tán yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1957, Danny Thomas, aláwàdà orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Lẹ́bánónì wá, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ láti dá ẹgbẹ́ ALSAC sílẹ̀, kí wọ́n lè máa wá owó fún ilé ìwòsàn ọmọdé kan. Ní 1962 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà, St. Jude, ní ìlú Memphis. Ní àkókò náà, nínú ọmọ 100 tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin ọmọdé bá mú, nǹkan bí 4 ni ó ń yè. Lónìí, ó ju 90 lọ níbẹ̀. A kì í sì kọ ìwé gbèsè fún òbí kankan. Dókítà ni ó ń wo àwọn ọmọ náà sàn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ àti ilé ìwòsàn náà jẹ́ àwọn tí ń fi ara wọn jìn láìgba owó. Ní Èkó lọ́dọ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, Children Living With Cancer Foundation wà nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbé irú iṣẹ́ yìí lé èjìká.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Àwọn baba wa ní iṣẹ́ méjì tí a kì í sanwó rẹ̀: àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, lónìí a ṣe oko tèmi, lọ́la a ṣe tìrẹ. Kò sí owó tí ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ̀ láti wá ti di ajigbèsè, gbogbo oko ni yóò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè wí pé àáró ní ẹ̀san nínú, nítorí pé a ó ṣe tirẹ̀ fún un. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀wẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ ènìyàn mẹ́wàá kí wọ́n wá bá òun tún òrùlé ṣe. Wọ́n wá, wọ́n ṣí koríko àtijọ́ kúrò lórí ilé. Nígbà tí ó di ọ̀sán, òjò ṣú, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ wọ́n lè wí pé, "A kò gba owó lọ́wọ́ rẹ"? Ilé tí ń jò díẹ̀ kí wọ́n tó dé ti di ilé tí kò ní òrùlé rárá. A rí i nígbà náà pé kì í ṣe owó ni ó ń bí gbèsè. Ìlérí tí ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé ni ó ń bí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ìyá tí ó gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan yóò sanwó oògùn ọmọ òun. Kò tún lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ yá owó. Kò tún ta aṣọ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí. Bí ìgbìmọ̀ bá sun ìpàdé síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé àwọn tí ó wá kò pé iye, òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ sínú òjò.

Ọ̀sẹ̀ méjì kì í sì í ṣe ohun kékeré nínú àrùn yìí. Irú jẹjẹrẹ kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàrin ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí í máa wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí nínú ikùn. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é. Kókó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Oògùn sì ń ràn án dáadáa bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí a kò sì dáwọ́ dúró. Ọmọ tí ó yẹ kí ó ti gba Òṣogbo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, bí a bá ní kí ó dúró de ìbuwọ́lù alága tí ó lọ síbi ìnáwó, àrùn rẹ̀ kò ní dúró dè é.

Àwọn kan yóò wí pé, bí a bá gbé ẹrù tí ó wúwo tó báyìí lé olùyọ̀ǹda ara rẹ̀ lórí, kò sí ẹni tí yóò gbà láti wá mọ́. A kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa, a mọ bí àárẹ̀ ti ń rí ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó rí i pé agbára òun kò gbé e mọ́, tí ó sì kọ̀wé láti fi àyè sílẹ̀, ó ṣe ohun ọlá. Ẹni tí ó jókòó sórí àga láìṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ lára, nítorí pé àga náà kún lójú àwọn tí ń wò, òfìfo sì ni.

Òfin ilẹ̀ pàápàá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ wa. Òfin Nàìjíríà lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, èyí tí a tún ṣe ní 2020, sọ pé owó ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ di èrè fún ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ìgbìmọ̀ kò sì gbọdọ̀ wà ní ipò olówó-oṣù nínú rẹ̀, bí a tilẹ̀ lè dá owó tí ó ná láti àpò ara rẹ̀ padà fún un. Òfin yìí kan náà ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe ìṣirò owó. Àìgbowó kò pa ìjíhìn rẹ́.

Ta ni wọ́n ń jẹ ní gbèsè náà? Àwọn olùfifúnni ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó wọn wọlé sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ó ni gbèsè náà ní tòótọ́, òun ni kò sì lè wá sí ìpàdé láti bèèrè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mẹ́wàá bá wà, tí owó kò sì tó ju ti mẹ́ta lọ, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ti ṣe ìlànà wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ọmọ kan. Bí a bá gbọ́ orúkọ kí a tó ṣe ìlànà, ọmọ ará ilé wa ni ìlànà yóò bá mu nígbà gbogbo.

Àwọn àgbà ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó sanwó fún àgbà náà, òun kọ́ ni ó sì pọn ọmọ. Wíwà tí ó wà níbẹ̀ ni ó dè é. Bí a bá pè yín, ẹ̀yin ará wa, sínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì ní lè wà níbẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́, kí a lè wá ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ti gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá.